Àwọ̀ Dára, Ara Ńkọ́?

  

Lẹ́tà kan ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òní dáhùn. Ìyá kan tí ó ń gbé ní London pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó kọ ọ́. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ti ń kó owó ọdún Iléyá àti owó ọdún ìtúnu ààwẹ̀ rẹ̀ pamọ́ láti ọdún méjì wá. Kò ra bàtà, kò ra bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ìyá bi í pé kí ni ó fẹ́ fi owó náà ṣe, ó ní alángbá ni òun fẹ́ rà. Ìyá náà kọ̀wé pé: "Ìyá wa, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Alángbá tí a ń sọ ní òkò lórí ògiri nílé ni ọmọ mi fẹ́ fi owó gidi rà ní Ìlú Ọba!"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ọmọ náà mú ìwé ìṣirò jáde. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí òun yóò ti ra akọ kan àti abo kan, tí àwọn méjèèjì jẹ́ irú èyí tí ẹ̀yìn wọn ń dán. Bí wọn yóò ti yé ẹyin. Àti bí òun yóò ti máa ta àwọn ọmọ wọn tí àwọ̀ wọn bá mọ́ bí iná. Ìyá wá béèrè lọ́wọ́ mi pé: "Ṣé kí n gbà fún un ni, àbí kí n kọ̀? Ṣé ohun kan wà níbẹ̀ tí ojú mi kò tó?"

Ọmọ tí ó lè kó owó jọ fún ọdún méjì kì í ṣe ọmọ yẹpẹrẹ, mo sì yìn ín. Ìṣirò owó rẹ̀ lè pé. Ṣùgbọ́n ìṣirò mìíràn wà tí kò sí nínú ìwé rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí gbogbo wa jọ ṣe lónìí.

Kí ni alángbá tí à ń wí yìí? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní bearded dragon, nítorí pé awọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kún fún ẹ̀gún wẹ́wẹ́. Bí inú bá bí i, tàbí bí ẹ̀rù bá bà á, yóò fẹ awọ náà jáde bí irùngbọ̀n bàbá àgbà, yóò sì dúdú bí èédú. Èmi yóò máa pè é ní alángbá onírùngbọ̀n. Ìbátan alángbá tiwa gan-an ni. Inú ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ka àwọn méjèèjì sí. Bí ẹ bá ti rí akọ alángbá olórí pupa lórí ògiri tí ó ń mi orí sókè sódò, bí ẹni tí ń dáhùn ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ, ẹ ti rí ìwà akọ onírùngbọ̀n náà. Òun náà ń mi orí. Abo àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ a sì máa gbé ọwọ́ kan sókè, wọn a yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń juwọ́ sí ènìyàn, lọ́dọ̀ tiwọn, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ pé "mo túúbá, má bá mi jà." Ó lè gùn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì láti imú dé ṣóńṣó ìrù, bí a bá sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lo ọdún 10 nínú ilé.

Àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ọsirélíà ni ilé rẹ̀, níbi tí òjò kò ti pọ̀, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì pupa tàbí kí ó rí bí eérú. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Ernst Ahl, ni ó fún un ní orúkọ nínú ìwé ìmọ̀ ní ọdún 1926. Ní ilé rẹ̀ níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò jọni lójú: ó rí bí ilẹ̀ tí ó ń gbé, bí igi gbígbẹ tí ó ń gùn. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé lásán ni Ẹlẹ́dàá fi àwọ̀ náà wọ̀ ọ́. Àwọ̀ náà ni ó fi ń sá pamọ́ fún ẹyẹ àṣá. Òun náà ni ààrò rẹ̀. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ara rẹ̀ tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ a ṣú, kí ó lè tètè fa ooru oòrùn mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí aṣọ dúdú ti ń fa ooru. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná tó, àwọ̀ náà a tún mọ́ padà. Ẹ wò ó bí iṣẹ́ Ọlọ́run ti rí! Awọ kan ṣoṣo, ó jẹ́ aṣọ, ó jẹ́ ibi ìsápamọ́sí, ó sì tún jẹ́ iná ìyáná.

Báwo wá ni ẹranko Ọsirélíà ṣe di ohun tí ọmọ Yorùbá fẹ́ rà ní London? Ìjọba Ọsirélíà kò gbà kí a máa kó ẹranko ilẹ̀ wọn jáde láàyè fún títà. Ní ọdún 1982 wọ́n tún ṣe òfin tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Nítorí náà, àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù lónìí, ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n, àwọn tí ó ti jáde kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Inú ilé àwọn ènìyàn ni a ti ń bí wọn, ìran lẹ́yìn ìran. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Nígbà tí ẹranko bá ti ń bímọ lábẹ́ ọwọ́ ènìyàn, ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ sí í yàn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà rí àwọ̀ tí ó yàtọ̀ lára alángbá yìí.

Ọ̀nà kìíní ni ọ̀nà àgbẹ̀. Ẹ mọ bí àgbẹ̀ ti ń ṣe: bí ó bá kórè àgbàdo, kì í jẹ èyí tí ó dára jù. Yóò so ó rọ̀ sókè ààrò fún irúgbìn ọdún tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùsìn alángbá ṣe. Nínú ogún ọmọ, wọ́n mú èyí tí ó pupa díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, wọ́n fi í fún èkejì tí òun náà pupa díẹ̀. Nínú àwọn ọmọ ìyẹn, wọ́n tún yan èyí tí ó pupa jù. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, títí tí wọ́n fi rí èyí tí ó rí bí ata rodo, èyí tí ó rí bí òroǹbó tí ó pọ́n, àti èyí tí ó rí bí ìyeyè. Ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1990, ìran kan jáde tí wọ́n ń pè ní Sandfire, èyí tí pupa rẹ̀ mú kí orúkọ rẹ̀ kárí láàrin àwọn tí ń sin alángbá. Ọ̀nà yìí kò yá. Abo kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin kí ó tó dàgbà tó, ó kéré tán ọdún kan ààbọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìran márùn-ún yóò lo ọdún púpọ̀. Sùúrù ni owó rẹ̀.

Ọ̀nà kejì yá jù. Nígbà mìíràn, ọmọ kan a ṣàdédé jáde tí ó yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé ohun kan yí padà nínú àbùdá tí ó ti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá wá. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní Hypo, tí dúdú ara rẹ̀ dín kù, tí èékánná rẹ̀ sì mọ́ gaara láìní dúdú kankan nínú. Òmíràn ni Trans, tí ojú rẹ̀ máa ń dúdú ṣíṣú, tí awọ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi inú hàn nígbà tí ó wà ní kékeré. Òmíràn ni Zero, tí kò ní ilà tàbí àmì kankan lára, tí ó funfun bí eérú igi. Òmíràn tún wá láti Gúúsù Áfíríkà, òun náà kò ní àmì lára. Wọ́n sọ ọ́ ní Witblits, èyí tí í ṣe orúkọ ọtí líle kan tí wọ́n ń pọn níbẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará ilé wa, alángbá náà kò mu ọtí, orúkọ ni wọ́n fi bà á jẹ́.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo kà yìí ní ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń gbà jáde, ẹ̀yin òǹkàwé mi sì ti mọ ọ̀nà náà kí n tó sọ ọ́. Kò sí ìdílé Yorùbá kan lónìí tí wọn kì í ti í béèrè, bí ọmọ bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, pé: "AA ni, àbí AS?" Ẹ mọ̀ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba ìpín méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tí ó jẹ́ AS ń rìn, ó ń yan, ara rẹ̀ le, kò sí ohun tí ó hàn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní ní ìpín 1 nínú 4 láti jẹ́ SS, ọmọ tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yóò máa bá jà. Kì í ṣe pé bí wọ́n bá bí mẹ́rin, ọ̀kan péré ni yóò ní in. Ní oyún kọ̀ọ̀kan ni a ń ta ayò náà lọ́tun.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Zero àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Alángbá lè ru àbùdá Zero sínú kí àwọ̀ rẹ̀ sì rí bí ti gbogbo ayé. Bí a bá fi irú rẹ̀ méjì papọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín 1 nínú 4 láti jáde ní funfun. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ wa ni pé àwọ̀ ni ó yí padà, ìpẹ́ ara wọn ṣì pé. Bí ó bá jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn, ǹ bá sọ fún ìyá ọmọ náà pé kí ó fọkàn balẹ̀, kí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣeré.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni ó wà nínú ìwé ìṣirò ọmọ náà. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán ni ó kọ síbẹ̀.

Irú yìí ni wọ́n ń pè ní leatherback, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ẹlẹ́yìn-awọ. Alángbá onírùngbọ̀n gbogbo ní ìpẹ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó lẹ́yìn, tí ó rí pàkàpàkà. Ti ẹlẹ́yìn-awọ kéré, ó sì tẹ́jú. Nígbà tí ìpẹ́ bá tẹ́jú báyìí, pupa a túbọ̀ pupa lójú, òféfèé a túbọ̀ tàn, gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ti ń hàn lára àǹkárá tí a lọ̀ ju ara àpò ìdọ̀họ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń wá àwọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìpín kan ṣoṣo nínú méjì ni ó nílò kí ó tó hàn. Ara rẹ̀ sì le. Ó ń jẹ, ó ń yáàrùn, ó ń gbó.

Ìbéèrè wá ni pé: bí ọ̀kan bá dára báyìí, bí a bá fún ọmọ ní ìpín méjèèjì ńkọ́? Ẹ fi ẹlẹ́yìn-awọ méjì papọ̀, kí abo yé ẹyin 20. Bí ìpín bá rìn bí ó ti yẹ, bí 5 yóò rí bí alángbá lásán, bí 10 yóò jẹ́ ẹlẹ́yìn-awọ, bí 5 yóò sì jáde láìní ìpẹ́ rárá. Awọ wọn a máa tàn yọ̀ọ̀, a rọ̀ bí aṣọ sílíìkì. Silkback ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹlẹ́yìn-sílíìkì. Àwọ̀ wọn ni ó mọ́ jù nínú gbogbo wọn. Nínú àwòrán tí ontajà bá yà, ẹni tí ó bá rí wọn yóò sọ pé ohun ọ̀ṣọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó ń bẹ lẹ́yìn àwòrán náà. Ìpẹ́ ni aṣọ ìjà alángbá. Òun ni kì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, òun ni kì í jẹ́ kí òkúta gé e, òun ni kì í jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn jó o. Ẹlẹ́yìn-sílíìkì kò ní in. Iná tí ó ń mú ara alángbá yòókù yá gágá lè jó tirẹ̀. Igi tí alángbá yòókù ń gùn lè fa awọ tirẹ̀ ya. Bí kòkòrò ìrẹ̀ tí a fún un láti jẹ bá sá mọ́ ọn lọ́wọ́ lóru, ìrẹ̀ náà lè máa gé òun alára jẹ. Bí àkókò bá tó tí ó yẹ kí ó bọ́ awọ, awọ àtijọ́ náà lè má bọ́ tán. Yóò fún ọmọ ìka àti ìrù rẹ̀ bí okùn títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè dé ibẹ̀ mọ́, ìka náà a sì gbẹ, a já. Ojú rẹ̀ kò ní ìpẹ́ tí yóò dáàbò bò ó. Bí ó bá jẹ́ abo, ewu ńlá ni gígùn jẹ́ fún un, nítorí pé akọ alángbá máa ń fi eyín di abo mú lọ́rùn. Ẹni tí ó bá rà á, yóò máa fi ìpara pa á lára, yóò máa fi omi wẹ̀ ẹ́, títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, Nicolas Di-Poï àti Michel Milinkovitch, fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn. Wọ́n rí i pé àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní EDA ni ó bàjẹ́ lára alángbá aláìnípẹ́. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé àbùdá yìí kan náà wà lára wa. Lára ènìyàn, bí ó bá bàjẹ́, irun lè má hù dáadáa, eyín lè má pé, òógùn lè má jáde. Kí ìyá kankan tí ó ń ka ìwé yìí ro ọmọ tí kò lè làágùn nínú ooru. Yóò mọ̀ pé ohun tí a ń pè ní àrà lára alángbá, àìsàn ni a ó pè é bí ó bá jẹ́ lára ọmọ wa.

Ẹnì kan lè sọ pé: "Ìyá wa, ẹ̀yin ni ẹ ń dààmú. Mo ti rí ọ̀kan, ó ń jẹun, kò ké, kò sunkún." Èmi náà gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ̀rọ̀ yìí kí a tó bí wa: gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ajá a máa hu bí ó bá ń jìyà, ewúrẹ́ a máa ké, ológbò a máa han. Alángbá kò ní ohùn tí yóò fi pe ẹnikẹ́ni. Ẹranko tí kò lè sọ ìrora rẹ̀, àwa tí a mú un wọlé ni ó yẹ kí a rò ó fún un. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ní ilé kéú ìtàn obìnrin tí ó so ológbò mọ́lẹ̀, tí kò fún un jẹ, tí kò sì tú u sílẹ̀ kí ó wá tirẹ̀ jẹ, àti ibi tí ìwà náà gbé e lọ.

Ẹ sì wo ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí àti ti AS. Bí ọkùnrin AS àti obìnrin AS bá fẹ́ ara wọn, ó lè jẹ́ pé wọn kò mọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìfẹ́ ni. Ọmọ SS tí Ọlọ́run bá fún wọn, ọmọ wọn ni, ẹ̀bùn ni, wọn yóò sì fi gbogbo agbára tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n alángbá méjì wọ̀nyí kò fẹ́ ara wọn sọ́nà. Ọwọ́ wa ni a fi gbé wọn sínú àpótí kan náà. A mọ ohun tí yóò jáde, a ti kọ iye owó rẹ̀ sínú ìwé, a sì tún ṣe é. Ìyẹn ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́kàn mi.

Nǹkan kejì tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: ìwọ̀nba díẹ̀ ni baba ńlá gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá rí àwọ̀ tuntun kan lára ọmọ kan, tí ó sì fẹ́ kí ó yára pọ̀, ọ̀nà tí ó yá jù ni kí ó fi ọmọ náà fún ìyá rẹ̀ tàbí fún ọmọ ìyá rẹ̀. Àwọ̀ a jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àìlera tí ó ti fara pamọ́ nínú ẹbí náà a bá a jáde pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wádìí ìdílé kí ẹ tó fi ọmọ fọ́kọ, kò yẹ kí n ṣe àlàyé èyí fún yín ju báyìí lọ.

Ó yá, ìyá ọmọ, ìdáhùn mi nìyí. Má ṣe kọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n má ṣe gbà fún un bí ó ti kọ ọ́.

Èkíní, ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn lójú òfin. Òfin ìtọ́jú ẹranko ti England àti Wales, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006, kò gbà kí a ta ẹranko fún ọmọ tí kò ì pé ọdún 16. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì ní ẹranko, òbí tí ó ń tọ́ ọ ni òfin ka ẹranko náà sí lọ́rùn. Nítorí náà, bí alángbá bá jìyà nínú yàrá ọmọ rẹ, ìwọ ni wọn yóò bi.

Èkejì, ọ̀kan ni kí ó kọ́kọ́ sìn, kì í ṣe méjì. Ẹgbẹ́ RSPCA, tí ó ti ń gbèjà ẹranko ní England láti ọdún 1824, máa ń gba alángbá onírùngbọ̀n tí ó ti sú àwọn olówó wọn. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ béèrè níbẹ̀. Kí ó kọ́ bí a ti ń ṣètò iná ìyáàrùn, nítorí pé ibi tí alángbá náà ti ń yáàrùn gbọ́dọ̀ gbóná tó bí ìwọ̀n 40 ti Celsius, kí ibi ìtura sì wà lápá kejì àpótí. Kí ó ra iná tí ń fún un ní ìtànṣán UVB, kí ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ kí agbára rẹ̀ tó tán. Kí ó máa wọ́n ẹ̀fun kálísíọ̀mù sí kòkòrò tí ó ń jẹ. Láìsí ìwọ̀nyí, egungun rẹ̀ yóò rọ̀, yóò sì wọ́, bí ti ọmọ tí kò rí oòrùn.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá di ọjọ́ tí ó fẹ́ rà nítorí àwọ̀, kí ó má ṣe ra àwòrán. Iná tí ó mọ́ gan-an lè mú kí àwọ̀ èyíkéyìí tàn. Ọmọ alángbá tí ó pupa lónìí lè má pupa bẹ́ẹ̀ mọ́ bí ó bá dàgbà. Kí ó ní òun fẹ́ rí bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ sójú. Kí ó béèrè bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Kí ó béèrè irú àbùdá tí wọ́n ń rù. Kí ó ka ọmọ ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, kí ó wo ìdí ìrù. Ontajà tí kò bá lè dáhùn, tàbí tí ó ń bínú nítorí ìbéèrè, kí wọ́n kí i, kí wọ́n máa lọ.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá dàgbà sí i, tí ọkàn rẹ̀ sì tún wà lórí ìbímọ wọn, kí ó má ṣe fi ẹlẹ́yìn-awọ fún ẹlẹ́yìn-awọ láéláé. Kí ó fi ẹlẹ́yìn-awọ fún èyí tí ìpẹ́ rẹ̀ pé, tí wọn kò bá ara tan. Ìdajì ọmọ wọn yóò jẹ́ ẹlẹ́yìn-awọ, ìdajì yóò ní ìpẹ́ bí ti àwọn yòókù, kò sì ní sí aláìnípẹ́ kankan nínú wọn. Pupa yóò wà níbẹ̀, ìyeyè yóò wà níbẹ̀. Kò pàdánù ohunkóhun àfi ìyà.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó tún ìwé ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ó kọ ẹyin 20 sí ìhà èrè. Kí ó kọ ẹnu 20 sí ìhà kejì. Bí wọ́n bá pa lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, wọn yóò máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Bí wọ́n bá há mọ́ ara wọn, wọn yóò máa gé ara wọn nírù àti níka jẹ, nítorí náà àpótí yóò pọ̀, iná yóò pọ̀, owó iná mànàmáná yóò sì wọlé sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Abo a tún máa yé ẹyin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ta ni yóò ra gbogbo wọn? Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì rà, ta ni yóò bọ́ wọn fún ọdún 10?

Èyí tí ó kù, ti gbogbo ẹ̀yin ìyá ni. Alángbá tí ara rẹ̀ le lè gbé kòkòrò àìsàn salmonella sínú ìgbẹ́ rẹ̀, kí ó má sì hàn lára rẹ̀. Láàrin ọdún 2012 sí 2014, àwọn ènìyàn tí ó lé ní 100 ni irú kòkòrò yìí kan kọlù ní Amẹ́ríkà nítorí alángbá onírùngbọ̀n, àwọn ọmọ kékeré sì pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ má ṣe fọ àwo rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́ oúnjẹ. Ẹ má jẹ́ kí ó rìn lórí tábìlì ìjẹun tàbí lórí ẹní ìkírun. Ọmọ tí kò ì tó ọdún márùn-ún, kí ó máa wò ó láti òkèèrè.

Ìwọ ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìyá rẹ yóò ka èyí fún ọ, tàbí kí o ti kà á kí òun tó rí i. Inú mi dùn sí ọ. Ojú rẹ mọ ohun tí ó lẹ́wà, ọwọ́ rẹ sì mọ bí a ti ń tọ́jú owó. Ẹwà kò burú. Ẹni tí ó dá alángbá ni ó fi pupa sórí akọ tiwa. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí o bá fẹ́ fi akọ fún abo, kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè pé: èyí tí ó bá ti inú ẹyin yìí jáde, ṣé yóò lè yáàrùn, ṣé yóò lè gun igi, ṣé yóò lè bọ́ awọ rẹ̀ láìsí ìrora? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tẹ̀ síwájú. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, fi wọ́n sí àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí o sì sùn ní tìrẹ.

Kí o sì kọ lẹ́tà sí mi ní ọdún tí ń bọ̀, kí o sọ fún mi bí alángbá rẹ ti ń ṣe. Má gbàgbé láti sọ àwọ̀ rẹ̀. Èmi náà fẹ́ mọ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó sì fi àánú sí wọn lọ́kàn. Àmín.